Bẹ́ ẹ ṣe lè rí góòlù gidi rà ní estate sale káwọn tó ń rà á tà tó kó o lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà ńbí tẹ́ ẹ ń bi mí pé níbo ni mo ti ń rí ṣéènì mi rà, estate sale ni o. Ẹnìkan kú tàbí ó kó lọ sílé àwọn arúgbó, àwọn ọmọ ò fẹ́ ẹrù, ni wọ́n bá pe àwọn tó máa lu gbogbo ẹ̀ ní gbàǹjo nínú ilé náà. Mọ́mì mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, wọ́n ní ẹrù òkú ni mò ń kó sọ́rùn. Mo ní ẹ má bínú mà, mo ti fọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kìíní ni kẹ́ ẹ lọ. Lóòótọ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń gé owó sí ìdajì, àmọ́ kí ló kù ńlẹ̀ nígbà yẹn? Ẹ ti wo fọ́tò ilé náà lórí EstateSales.net lálẹ́ àná, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀ ẹ béèrè bóyá wọ́n ń kọ orúkọ tàbí pín nọ́ńbà, torí ẹlòmíì ti gba tiẹ̀ ní ìdájí ó ti padà lọ sùn nínú mọ́tò, ẹ̀yin á rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé.

Tí ilẹ̀kùn bá ṣí, gbogbo wọn á ya bo àpótí gíláàsì tí wọ́n to góòlù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsanwó. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, àwọn tó ń tà ti mọ iye owó ohun tó wà ńbẹ̀. Yàrá ni kẹ́ ẹ gbà lọ: inú dúrọ́ọ̀, àpótí abẹ́rẹ́ òun òwú, àwọn ọ̀rá tí wọ́n rọ yẹtí ẹyọ kan àti ṣéènì tó ti lọ́ pọ̀ sí, tí wọ́n kọ $5 sí lára.

Ẹ mú awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá dání, pẹ̀lú òòfà. Òòfà kì í gbé góòlù, ìkọ́ ṣéènì nìkan ló lè fà díẹ̀ torí sípíríǹgì inú ẹ̀, àmọ́ kì í gbé bàbà náà, torí náà ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i. 417 ni 10K (K ni karat, bí góòlù inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó), 585 ni 14K, 750 ni 18K, 925 ni fàdákà. GF, RGP, HGE, góòlù ojú lásán ni gbogbo ìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Mo rí ẹ̀gbà ọwọ́ kan, ó wúwo, $12, wọ́n tẹ 14KP sí ìkọ́ ẹ̀. Mo ní háà, P yìí, wọ́n kàn fi góòlù kùn ún ni, mo gbé e sílẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tó dúró tì mí ò tiẹ̀ jẹ́ kó fara kan tábìlì. Àṣé plumb ni P yẹn, ìyẹn ni pé 14K ẹ̀ pé pérépéré! Mi ò lè jẹun ọ̀sán. Látìgbà náà, ohun tí kò bá tíì yé mi kì í kúrò lọ́wọ́ mi, torí ohun tẹ́ ẹ bá ti gbé sílẹ̀ ti di ti ẹni tó bá mú un. Ẹ má sì pariwo fún ọ̀rẹ́ yín ní Yorùbá pé “góòlù ni o”, ojú yín nìkan ti túmọ̀ ẹ̀ fún wọn.

Tó bá kan owó, ẹ wo iye ounce góòlù lórí fóònù, ẹ pín in sí 31.1, ìyẹn ni gíráàmù kan, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ẹ̀ àti 0.585 tó bá jẹ́ 14K. Tí owó tí wọ́n ń pè bá ju ìyẹn lọ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kó márùn-ún mẹ́fà pọ̀, ẹ na káàṣì sí wọn, kẹ́ ẹ ní èló lẹ máa gbà lórí gbogbo ẹ̀. Garage sale tiẹ̀ rọrùn jù, onílé fúnra ẹ̀ ló ń tà, ó sì fẹ́ kí ẹrù kúrò ńlẹ̀ kó tó di ọ̀sán.