Bí mo ṣe tọpasẹ̀ ilé alágbàṣe oko kan ní Dorset, ní England, nínú ìwé ìkànìyàn, láti 1881 padà sí 1841

Ọdún 1881 ni mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mo ń lọ sẹ́yìn ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti 1841 bẹ̀rẹ̀ máa táràrà. Ìwé ọdún yẹn ò sọ ta ni ìyàwó, ta ni ọmọ. Ní ti ibi ìbí, bóyá káúńtì tí èèyàn ń gbé ni wọ́n bí i sí ni wọ́n kàn béèrè. Ọjọ́ orí àgbàlagbà pàápàá, wọ́n ní kí wọ́n já a wálẹ̀ ní márùn-márùn, kí ẹni ọdún 34 di 30. Láti 1851 ni ipò ẹni sí baálé ilé àti orúkọ abúlé ìbí ti wọlé.

Àwòrán ojú ìwé ni mo kà, mi ò gba ohun tí àwọn ẹlòmíràn tẹ̀ láti inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà gbọ́. Àdàkọ ni ìwé náà fúnra rẹ̀: akànìyàn á gba fọ́ọ̀mù ilé kọ̀ọ̀kan, á dà á kọ sínú ìwé rẹ̀. Àwọn akọ̀wé tó ṣírò rẹ̀ wá fi pẹ́ńsù fa ìlà gba orí ọjọ́ orí àti iṣẹ́ kọjá, nítorí náà 10 lè di 40 lójú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. «Ag Lab» (ìgékúrú «agricultural labourer») ni wọ́n sábà máa ń kọ fún alágbàṣe oko. Nọ́ńbà tó ṣáájú ìlà, ti fọ́ọ̀mù ni, kì í ṣe ti ilé.

Nígbà tí ìdílé náà ò jáde nígbà tí mo wá wọn lórí kọ̀ǹpútà ní 1861, mo yọ orúkọ ìdílé kúrò, mo fi orúkọ ọmọ tó ṣọ̀wọ́n jù nínú ilé wá wọn, pẹ̀lú abúlé ìbí rẹ̀ àti ọdún méjì síwá sẹ́yìn. Wọ́n jáde ní abúlé mìíràn. Kò yà mí lẹ́nu: àdéhùn ọdún kan ni ọ̀pọ̀ alágbàṣe Dorset ń ṣe, ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ni wọ́n sì ń kẹ́rù. Alẹ́ ọjọ́ kejì gan-an, ọjọ́ 7, ni ìkànìyàn 1861. Ti 1871, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ni, kí wọ́n tó kó. Tí ìwé ìbí ọmọ kan lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn bá gbé orúkọ abúlé mìíràn, ìdílé kan náà lè ni.

Ọmọbìnrin wọn ẹni ọdún 13 ò sí nínú ilé. Kí ẹ tó pè é ní òkú, ẹ wo ilé àwọn àgbẹ̀ ńlá àdúgbò: ibẹ̀ ni mo ti rí i, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, orúkọ abúlé ìbí rẹ̀ ló tú u fó. Ẹ má sì tìtorí pé àyè iṣẹ́ ìyàwó ṣófo sọ pé kò ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí ti 1841, ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń kànìyàn. Àwọn obìnrin tó ń ro oko tànípù, tó ń kórè, kì í sábà hàn.

Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni mo kọ nọ́ńbà tí ilé àkójọ ìwé ìjọba fi ń tọ́ka sí i sílẹ̀: HO 107 fún 1841 àti 1851, RG 9, RG 10, RG 11 fún àwọn tó kù, pẹ̀lú nọ́ńbà ewé. Iwájú ewé nìkan ni òǹtẹ̀ rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn rẹ̀, nọ́ńbà kan náà ló ń jẹ́.

1841 ni mo fi parí. Ọkùnrin àti obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà níbẹ̀ lè jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, nítorí náà ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 1813, orúkọ òbí méjèèjì, ibùgbé àti iṣẹ́ bàbá ló ń wà nínú rẹ̀.