Bí ẹ ṣe lè wo fíìmù nínú àgbàlá ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ kọ́kọ́ tọ́jú etí

Fíìmù Yorùbá tó dáa, etí ló ń jẹ ẹ́ jù. Ìlù ń sọ̀rọ̀, akéwì ń ké, àgbà ń pa òwe. Nítorí náà, tí owó ò bá pọ̀, ẹ fi èyí tó jọjú níbẹ̀ yá sípíkà gidi, kẹ́ ẹ tó máa wá projector (ẹ̀rọ tó ń ta àwòrán sára aṣọ) olówó ńlá. Fíìmù mẹ́ta la fẹ́ fi ṣàlàyé, torí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè yàtọ̀.

Ẹ fi Ṣaworoidẹ bẹ̀rẹ̀. Túndé Kèlání ló darí ẹ̀ ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Adébáyọ̀ Fálétí ọmọ Ọ̀yọ́ àti Lérè Pàímọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí sì wà nínú ẹ̀. Ní ìlú Jogbo, ìlù tó ní ṣaworo idẹ ló di ọba mú: ẹni tí kò búra bó ṣe yẹ, tó wá dé adé idẹ, tí ìlù náà bá ti dún, ó parí fún un. Kò sí fíìmù Yorùbá mìíràn tó fi ìlù gbé ìtàn tó báyìí lójú tiwa. Tí ìlù yẹn bá ń dún bí agolo nínú àgbàlá yín, ẹ ò tíì wo fíìmù náà.

Ẹ gbé sípíkà kan sí ọ̀tún aṣọ tí àwòrán máa hàn lára ẹ̀, ọ̀kan sí òsì, kí ẹnu wọn ga tó orí ẹni tó jókòó, bíi mítà kan sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú ló máa gba ohùn náà. Ẹ fa báàsì wálẹ̀. Báàsì tó pọ̀ jù máa ń bo ohùn èèyàn àti ohùn gángan, ìró gbì-gbì nìkan ló máa kù. Wáyà ni kẹ́ ẹ fi so laptop mọ́ sípíkà. Bluetooth máa ń fa ohùn sẹ́yìn, òṣèré á ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó jáde. Kẹ́ ẹ tó pe èèyàn, ẹ ní kí ẹnì kan lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, kẹ́ ẹ sì gbé ibi tí Ọ̀pálábá, àgbà tí Fálétí ṣe, ti ń pa òwe. Tó bá lè tún òwe náà sọ láìku ọ̀rọ̀ kan, ohùn ti dáa nìyẹn.

VCD lẹ̀dà Ṣaworoidẹ tó ṣì wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwòrán inú ẹ̀ ò ju píksẹ́ẹ̀lì 352 sí 288 lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ kọjá mítà kan ààbọ̀, ojú èèyàn á máa já wẹ́wẹ́. Ẹ fi projector sí 4:3, ìrísí tẹlifíṣàn àtijọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo èèyàn á wú.

Aníkúlápó tí Kunle Afolayan ṣe ní 2022 yàtọ̀. Àwòrán lagbára tiẹ̀. Sàró tó ń hun aṣọ òkè kúrò ní Gbọ̀ngán wá sí Ọ̀yọ́, àwọ̀ aṣọ àti ti ààfin sì kún inú ẹ̀ dẹ́nu. Arọ́lákẹ́, olorì ọba, ló gbé ìtàn náà dúró, ẹ máa wò ó dáadáa. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun méjì tẹ́ ẹ rán pọ̀, mítà 2.4 ní fífẹ̀, 1.35 ní gíga, ti tó. Ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn ẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ fi ọparun sí òkè àti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì so ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ projector ń fẹ́ ìlọ́po 1.5 fífẹ̀ aṣọ: mítà 3.6 lẹ máa gbé e jìnnà sí i. Ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yá a lọ́wọ́ ẹ̀ nípa ANSI lumens, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ṣe lágbára tó gan-an, kó má dín ní 2,500. Nọ́ńbà gìrìwò tí wọ́n ń kọ sára páálí kì í sábà jẹ́ òótọ́.

Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run kì í tán kíá lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kírun ìṣáà tán kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 142 ni fíìmù yìí, kì í sì í ṣe tọmọdé.

Orí Netflix ló wà. Tí àwòrán bá mọ́ dáadáa, ó lè jẹ tó 7GB. Wáyà HDMI ni kẹ́ ẹ lò, torí adapter VGA lè jẹ́ kí ojú aṣọ ṣókùnkùn. Àwọn ará ilé nìkan ni Netflix gbà láyè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe àdúgbò tàbí gba owó, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni fíìmù.

Ẹlẹ́ṣin Ọba ti Biyi Bandele, 2022 náà, kò ju ìṣẹ́jú 96 lọ. Inú eré Wọlé Ṣóyínká, Death and the King's Horseman, ni wọ́n ti mú un. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ eré náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944 ló sì ti mú un. Fíìmù yìí dá ọ̀rọ̀ náà padà sí Yorùbá. Ẹ pa àkọlé Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, òun ni gbogbo èèyàn á máa kà, wọn ò ní gbọ́ Ìyálọ́jà.

Ní ti iná, projector ń jẹ bíi 300W, sípíkà 150W, laptop 65W. I-better-pass-my-neighbour lè gbé e, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mítà 25 ó kéré tán, pẹ̀lú wáyà 2.5mm. Wáyà tín-ín-rín máa ń jẹ́ kí iná rẹlẹ̀. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láé, èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn. Ẹ rọ epo kún un kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì so projector mọ́ UPS, bátìrì tó ń gbé iná fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ. Tí iná bá já lójijì, fáànù á dúró nígbà tí gílóòbù ṣì ń gbóná, ó sì lè bú. Bákan náà ni tí fíìmù bá parí: ẹ fi bọ́tìnnì pa projector, ẹ dúró títí fáànù ẹ̀ á fi dákẹ́ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ tó lọ pa jẹnẹrétọ̀.