Bí o ṣe lè ṣeré ní èdè tí kì í ṣe tìrẹ, bí àwọn òṣèrébìnrin Faransé ti ń ṣe é

Èdè mẹ́ta ni Juliette Binoche sọ nínú Certified Copy tí Abbas Kiarostami darí: Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Ítálì. Fíìmù yẹn ló fi gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó dára jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes lọ́dún 2010. Marion Cotillard náà sọ èdè Pólàǹdì nínú The Immigrant (2013). Bó o bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ìtumọ̀ ni kó o kọ́kọ́ dì mú, kí ìró ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e.

Túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìran náà sí èdè rẹ, má sì fo ti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣeré. Ẹni tó há tirẹ̀ nìkan sórí kì í gbọ́ ẹnìkejì; ṣe ló ń retí kí onítọ̀hún panu mọ́, kámẹ́rà á sì rí i lójú rẹ̀.

Wá ẹni tó fi èdè náà dàgbà, kó ka ọ̀rọ̀ rẹ sínú fóònù lẹ́ẹ̀mejì: kó kọ́kọ́ rọra kà á, kó wá kà á bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Kó má fi ìbínú tàbí ẹkún sí i o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eré ẹni yẹn lo máa kọ́, bí dáréktọ̀ bá sì ní kó o yí i padà, ẹnu rẹ ò ní gbà.

Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Faransé kì í pe "h", nítorí náà "house" á di "ouse". "This" á di "zis". "Ship" àti "sheep" á dún bákan náà, èyí tó ń da àwa Yorùbá náà láàmú. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀, ìyẹn sílébù tí wọ́n ń fi agbára pè ju ìyókù lọ, ló ń tú àṣírí jù. Ìparí ni Faransé ti ń tẹ̀ ẹ́. Nínú "comfortable", iwájú ni Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀, Faransé á fà á dé "table". Fi bírò pupa fàlà sábẹ́ sílébù tó wúwo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ.

Wọ́n lè yí ọ̀rọ̀ padà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó há ìró lásán sórí ti ń ṣubú, torí náà jẹ́ kí olùkọ́ èdè wà ní lókéṣàn. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣì bàjẹ́, wọ́n lè tún ohùn rẹ̀ gbà ní sítúdíò, àmọ́ iye sílébù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà, kí ohùn àti ètè lè bára mu.