Ẹ̀yin ará Ìjàpọ̀, ẹ wá bátìrì fún ráútà àti aláàmù yín

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin aládùúgbò mi. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, kò yẹ kó máa já íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ ra mini UPS, ìyẹn àpótí kékeré tó ń gbé iná fún ráútà yín (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nílé) nígbà tí iná bá lọ. Bátìrì ti wà nínú rẹ̀, kò sì ń pariwo bíi jẹnẹrétọ̀. Àmọ́ kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà ráútà. Púpọ̀ ń lo 12V (V ni fọ́ltì, agbára tó ń ti iná), àwọn kan ń lo 9V tàbí 5V. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki iná 12V bọ ráútà 9V, ó lè jó. Bí ṣájà bá jẹ́ 2A (A ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn), UPS 1A lè má lè gbé ráútà náà. UPS tó jẹ́ 10,000 mAh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè tọ́jú), bí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, lè gbé ráútà 7W (W ni wáàtì, ìwọ̀n iná tí ẹ̀rọ ń jẹ) fún bíi wákàtí 4.

Ní ti aláàmù olè, bátìrì 12V 7Ah (Ah náà jẹ́ ìwọ̀n iná tí bátìrì lè tọ́jú) ló sábà máa ń wà nínú àpótí rẹ̀. Ọdún 3 sí 5 ló máa ń lò, ooru sì ń tètè bà á jẹ́. Ẹ pa iná tó ń wọ aláàmù náà lọ́sàn-án, kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣì ké. Bí bátìrì náà bá ti wú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíá.