Ibi tó yẹ kí ẹ gbé ẹ̀rọ heat pump sí

Heat pump ni ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná tàbí tutù: apá kan rẹ̀ wà níta, èkejì wà nínú ilé. Iná mànàmáná kọ́ ló ń sọ di ooru. Ooru tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta ló ń fà wọlé. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbóná, á yí i padà, á kó ti inú ilé jáde. Afẹ́fẹ́ niṣẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ibi tí ẹ gbé ẹ̀rọ ìta sí fi ṣe pàtàkì gan-an.

Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé, ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri, kí ẹ sì jẹ́ kí iwájú, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ jáde, ṣófo tó mítà kan ó kéré tán. Ẹ má fi pákó kàn án pa nítorí ẹwà. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ tútù tó tú jáde ni yóò máa fà padà: agbára rẹ̀ á dín kù, yìnyín á máa bò ó, owó iná á sì lé sí i.

Yìnyín yẹn ni ẹ̀rọ ń yọ́ fúnra rẹ̀, omi á sì máa kán. Tó bá kán sójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tó sì dì, ẹnì kan á yọ̀ ṣubú. Ẹ gbé ẹ̀rọ sórí kọnkéré tó tẹ́jú, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí omi lè wọlẹ̀. Ibi tí òjò dídì ti ń rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju bí òjò dídì ṣe máa ń jọ lọ. Abẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ kò dára rárá.

Ariwo náà ń kọ́? Kọ̀rọ̀ tí ògiri méjì ti pàdé máa ń dá ariwo padà. Ẹ jìnnà sí fèrèsé yàrá tí wọ́n ń sùn, tiyín àti ti aládùúgbò. Tí ẹ bá so ó mọ́ ògiri, ẹ fi rọ́bà sáàárín rẹ̀ àti irin tó gbé e. Ògiri pákó máa ń gbé gbígbọ̀n rẹ̀ wọlé, ilẹ̀ sàn jù.

Gáàsì kan ló ń gbé ooru káàkiri inú ẹ̀rọ náà. Tó bá jẹ́ R290, propane ni: ó lè gbiná, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn, fèrèsé, ihò ìdọ̀tí tàbí ẹnu yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ìwé ẹ̀rọ yóò sọ iye mítà.

Ti inú ilé rọrùn díẹ̀. Ẹ gbé e sókè lára ògiri tí kò jìnnà sí ẹ̀rọ ìta, kí páìpù bàbà méjì tó so wọ́n pọ̀ má gùn láìnídìí. Ẹ fi fóòmù wé páìpù méjèèjì. Kó má fẹ́ sórí ibùsùn, kí aṣọ fèrèsé má sì dí i. Páìpù tó ń gbé omi tó ń kán nínú rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ dà sísàlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, omi á máa ṣàn sára ògiri yín. Kí ẹ tó lu ihò, ẹ mọ ibi tí wáyà iná gbà nínú ògiri náà.