Mówà yín ń rú èéfín? Ẹ má tíì pe mẹkáníìkì

Òjò ti dé sí Àkúrẹ́, koríko tẹ́ ẹ gé lọ́sẹ̀ tó kọjá ti tún dé orókún, ẹ gbé mówà jáde, ẹ fa okùn ẹ̀, ló bá ń rú èéfín bí ààrò ẹni tó ń yan ẹja. Ẹ pa á ná. Àwọ̀ èéfín yẹn lẹ máa wò.

Tó bá funfun àbí tó fẹ́ jọ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó níbi tí ò yẹ kó dé. Ta ló dà á dẹ̀gbẹ́ kẹ́yìn? Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi kan ní Ọba-Ilé fẹ́ ha koríko tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀, ìhà tí filtà afẹ́fẹ́ wà ló fi lélẹ̀, ìgbà tá a máa tan án báyìí èéfín bo gbogbo kọ̀mpáùǹdì, màmá òdìkejì sáré jáde pé ṣé ilé ń jó ni. Mẹkáníìkì tá a pè ò tiẹ̀ yọ géèjì (ọ̀pá tá a fi ń wọn ọ́ìlì) wò, ó ní ríǹgì inú ẹ́ńjìnnì ti lọ, ká mówó wá. Ọ́ìlì tó ṣàn wọ sìlíńdà lásán ni o! A yọ plọ́ọ̀gì, a gbé wáyà ẹ̀ jìnnà sí ihò náà, a fa okùn bí ìgbà mẹ́wàá kí ọ́ìlì lè tú jáde (ẹ má gbójú síbẹ̀ o), a nu plọ́ọ̀gì, a pààrọ̀ filtà, ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èéfín sì dáwọ́ dúró. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ fọ abẹ́ ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà plọ́ọ̀gì kí bíléèdì má bàa gé yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí plọ́ọ̀gì kọjú sókè.

Tẹ́nikẹ́ni ò bá dà á dẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ yọ géèjì, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, kẹ́ ẹ wá yọ ọ́ wo ibi tí ọ́ìlì dé. Ike ọ́ìlì lítà kan la máa ń rà, torí pé a ti sanwó ẹ̀ àá wá da gbogbo ẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ mówà kékeré ò gbà ju nǹkan bíi 0.6 lítà lọ. Tó bá ti kọjá àmì, ẹ fà á dínkù.

Èéfín dúdú ńkọ́? Pẹtiróòlù ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá ẹ gbàgbé ṣóòkì (èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù tẹ́ ẹ bá fẹ́ tan án) ní títì, kẹ́ ẹ sì yọ filtà. Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa. Tó bá jẹ́ bébà, ẹ gbọ̀n ọ́n, tó bá ti dúdú jù ẹ ra tuntun.

Mówà tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká yàtọ̀ o, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ pẹtiróòlù, èéfín díẹ̀ ò burú. 50:1 lára ẹ̀ túmọ̀ sí 20ml ọ́ìlì sí lítà pẹtiróòlù kan, kì í ṣe àfojúwọ̀n.

Tí géèjì bá pé, tí èéfín búlúù ò lọ, tí ọ́ìlì sì ń dínkù lójoojúmọ́, ríǹgì tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ wá pe mẹkáníìkì báyìí, kó tó tú bóòtù kan ṣoṣo, ẹ ní kó yọ géèjì wò lójú yín.