Bẹ́ ẹ ṣe lè wọn gáàsì náítírójìn tó ń sá kúrò nínú oko tẹ́ ẹ fún ní ajílẹ̀ (fún àwa ará Ìbàdàn àti agbègbè ẹ̀)

Àpò yúríà kan jẹ́ 50 kg, náítírójìn tó wà nínú ẹ̀ sì jẹ́ 23 kg, torí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nǹkan tẹ́ ẹ torí ẹ̀ náwó nìyẹn. Àgbàdo ò ní rí gbogbo ẹ̀ jẹ, òjò á fọ díẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ, díẹ̀ á sì di gáàsì, á bá atẹ́gùn lọ, ojú ò ní rí i. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ iye tó bá atẹ́gùn lọ yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, fún ẹ̀yin stúdẹ́ǹtì tẹ́ ẹ ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́ àwọn àgbẹ̀ sọ́nà, àti ẹ̀yin olóko tẹ́ ẹ ní sùúrù. Mo sì fẹ́ kọ ọ́ dáadáa torí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí mò ń rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, irinṣẹ́ wọn ò burú rárá, ọjọ́ tí wọ́n lọ sóko ni ò dáa.

Gáàsì mẹ́ta ló wà n'bẹ̀ o. Amóníà ló máa ń kọ́kọ́ jáde, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá da yúríà sórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ ò bò ó, torí bí yúríà bá ti ń yọ́, ilẹ̀ tó yí hóró ẹ̀ ká á dà bí omi eérú, ìyẹn á wá lé amóníà jáde. Àwọn onímọ̀ IPCC, ìyẹn ìgbìmọ̀ àjọ UN lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà, nínú àtúnṣe tí wọ́n ṣe ní 2019, fi í sí bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún náítírójìn inú yúríà, ìyẹn ju 3 kg lọ nínú àpò kan ṣoṣo. Èkejì ni náítírọ́ọ̀sì ọ́kísáìdì, tí wọ́n ń kọ ní N2O. Ìyẹn kéré gan-an, IPCC yẹn náà sọ pé ìdá 1.6 ni fún ajílẹ̀ òyìnbó níbi tí òjò ti pọ̀, Ìbàdàn sì wà nínú ibi tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ torí òjò wa lọ́dún kan ju 1,000 mm lọ. Ìdá 1.6 nínú 23 kg ò tó ìlàjì kílò, àmọ́ kílò N2O kan máa ń mú ayé gbóná tó 273 kílò káábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì tún ń jẹ òsóònù tó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn. Ẹ̀kẹta ni N2 fúnra ẹ̀, ìyẹn náítírójìn tó ti padà di atẹ́gùn lásán. Ẹ má dán ìyẹn wò pẹ̀lú rọ́bà ọ̀dà tí mo máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀ yìí o, torí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn tí à ń mí sínú ni, èyí tó ti inú ilẹ̀ wá máa sọnù sáàárín ẹ̀. Àwọn tó ń wọ̀n ọ́n máa ń lo ajílẹ̀ tí wọ́n ti fi náítírójìn 15, irú náítírójìn tó wúwo díẹ̀ ju ti gbogbo ìgbà lọ, sàmì sí, tàbí kí wọ́n gbé ilẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ tó kún fún hílíọ̀mù, owó ńlá ni. N2O àti amóníà ni agbára wa ká.

Rọ́bà lẹ máa fi mú N2O. Ẹ ra rọ́bà ọ̀dà 20 lítà méjì tó jọra fún ibì kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n. Ẹ fi ayùn gé èkíní, kó ku òrùka tó ga tó 15 cm tòun ti etí ẹnu ẹ̀, ìyẹn lẹ máa gbìn sílẹ̀, ojú ibi tẹ́ ẹ gé lọ sísàlẹ̀, kó wọlé tó 7 sí 10 cm. Èkejì lẹ máa dojú ẹ̀ dé lé e, etí á kan etí. Ẹ lọ bá fọkanáísà, kó fún yín ní tíúbù ọ̀kadà tí ò ṣeé lẹ̀ mọ́, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tò ó sáàárín etí méjèèjì, kẹ́ ẹ wá fi kílíìpù ńlá mú wọn pọ̀ yíká. Kẹ́ ẹ tó lu ihò kankan sí ìdí rọ́bà òkè yẹn, ẹ kọ́kọ́ bu omi kún un, kẹ́ ẹ ka iye lítà tó gbà gan-an, torí iye tí wọ́n kọ sára rọ́bà kì í ṣe iye tó gbà dé ẹnu. Lẹ́yìn náà ẹ lu ihò mẹ́ta. Ọ̀kan fún rọ́bà kékeré tó máa ń wà lórí ìgò oògùn abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ síríǹjì yín máa gbà wọlé. Ọ̀kan fún tẹmómítà. Ọ̀kan fún páìpù dírípù tó gùn tó 10 cm tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Àwọn èèyàn máa ń fo páìpù yẹn, wọ́n ní gáàsì á gba ibẹ̀ jáde, rárá o, ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ìyẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi síríǹjì fa gáàsì, kó má lọ jẹ́ pé inú ilẹ̀ lẹ ti ń fà á jáde. Ẹ fi fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé mọ́ínmọ́ín bo gbogbo ara rọ́bà yẹn kí oòrùn má baà sè é. Ẹ di páìpù yẹn, ẹ ri rọ́bà náà sínú ọpọ́n omi, ojú ẹ̀ sísàlẹ̀, ibi tí omi bá ti ń hó jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́.

Ẹ sọ fún olóko àti àwọn tó bá a pààlà kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan wọ̀nyí síbẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ láàárín oko, tó ń kọ mọ̀nà, ẹni tó bá bá a pàdé láàárọ̀ kùtù lè rò pé àálè ni, á fi igi gbọ̀n ọ́n nù, tàbí kí àwọn ọmọdé gbé e lọ pọn omi. Ẹ kí Bàbá, ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan rọ́bà yẹn.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbin òrùka sí ṣe pàtàkì ju bí rọ́bà ṣe rí lọ. Àwọn àgbẹ̀ wa níbí, láti Mọ́níyà dé Ìdó dé Ọ̀nà Àrà, wọn kì í fọ́n ajílẹ̀ sí gbogbo ilẹ̀, ẹ̀bá ìdí àgbàdo ni wọ́n ń dà á sí. Tẹ́ ẹ bá wá gbé gbogbo rọ́bà yín lé orí ibi tí ajílẹ̀ wà, iye tẹ́ ẹ máa rí á pọ̀ jù, tẹ́ ẹ bá sì gbé e sáàárín poro nìkan, á kéré jù. Ẹ gbin sí méjèèjì. Ká ní ìlà àgbàdo fi 75 cm jìnnà síra, ibi tí ajílẹ̀ dé sì fẹ̀ tó 15 cm, ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ ni ajílẹ̀ dé nìyẹn. Tí ibi ajílẹ̀ bá wá ń tú 90 jáde, tí àárín poro ń tú 10, ti gbogbo oko kì í ṣe 50 o, 18 ni ti ibi ajílẹ̀, 8 ni ti poro, ó jẹ́ 26. Ẹ wo bí 50 àti 26 ṣe jìnnà síra. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ ní apá kan oko yẹn tí ẹ ò fún ní ajílẹ̀ rárá, rọ́bà mẹ́rin ó kéré tán lápá kọ̀ọ̀kan, torí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fún ní nǹkan kan náà ń tú N2O díẹ̀ jáde. Láìsí apá yẹn ẹ ò lè sọ pé ajílẹ̀ ló fa ohunkóhun. Ẹ ti gbin òrùka sílẹ̀ ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣáájú, kí ilẹ̀ tẹ́ ẹ dà láàmú lè fara balẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. N2O kì í jáde déédéé. Kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń ṣe é, wọ́n sì nílò náítírójìn àti omi pa pọ̀. Ajílẹ̀ tẹ́ ẹ dà lé ilẹ̀ gbígbẹ lè dákẹ́ títí òjò ńlá á fi rọ̀, kí gáàsì wá tú jáde gbùà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti tán, oko á tún dákẹ́. Ẹni tó ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì nìkan torí ọjọ́ yẹn ni mọ́tò máa ń ṣófo, ó lè pàdánù gbogbo ẹ̀, á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ajílẹ̀ ò tú nǹkan kan jáde ní Ìbàdàn. Nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó da ajílẹ̀, lẹ́yìn náà lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, kó wá di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó di ẹ̀ẹ̀kan, àmọ́ ìgbàkígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ pa kàlẹ́ńdà tì, ẹ lọ lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Tẹ́ ẹ bá tún da ajílẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ padà. Ẹ wá ẹnì kan tó ń gbé nítòsí oko tó máa pè yín lórí fóònù tí òjò bá rọ̀, torí òjò lè rọ̀ ní Mọ́níyà kí Chálẹ́ǹjì gbẹ fúrúfúrú.

Láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n, ìgbóná ilẹ̀ ìgbà yẹn sún mọ́ ti gbogbo ọjọ́. Ẹ dé rọ́bà, ẹ tẹ aago fóònù, ẹ fa ti àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tún fà ní ìṣẹ́jú 20, 40 àti 60. Kẹ́ ẹ tó fà á, ẹ ti síríǹjì wọlé wọ̀de bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí atẹ́gùn inú rọ́bà lè pò pọ̀. Ẹ fa 20 ml, ẹ gún un sínú ìgò kékeré 12 ml tí láàbù ti fa atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde, ó yẹ kó kún jù bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ pé tó bá máa jò, ti inú ló máa jáde, ti ìta ò ní wọlé. Ẹ kọ nọ́ńbà síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gba ti atẹ́gùn oko lásán náà sínú ìgò kan tàbí méjì, torí atẹ́gùn lásán lóde òní ní N2O tó bíi 335 sí 340 ppb, ìyẹn nínú bílíọ̀nù kan, tí láàbù bá dá a padà fún yín pé 500 ni, ẹ̀rọ wọn tàbí ìgò yín ló níṣòro. Ẹ̀rọ tó ń ka N2O ni gas chromatograph tó ní ECD, ìyẹn apá ẹ̀rọ náà tó ń dá N2O mọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nílùú wa, IITA wà níbí láti 1967, IAR&T wà ní Moor Plantation, Yunifásítì Ìbàdàn náà wà n'bẹ̀, ẹ béèrè ẹni tí tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àti iye tí wọ́n ń gbà lórí ìgò kan, kẹ́ ẹ tó da hóró ajílẹ̀ kankan.

Nígbà tí rọ́bà bá wà nílẹ̀, ẹ lo ìṣẹ́jú yẹn fún ilẹ̀. Ẹ wọn ìgbóná ẹ̀ ní 5 cm, kẹ́ ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá ibẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n ní tútù, láàbù á gbẹ ẹ́ ní 105°C fún wákàtí 24, ẹ tún un wọ̀n. Nígbà tí omi bá kún nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àyè inú ilẹ̀, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n àwọn kòkòrò yẹn, N2O á pọ̀ sí i, tó bá wá kún ju 80 lọ, N2 lásán ló máa ń pọ̀ jù. Ẹni tí ò bá wọn omi ilẹ̀ ò ní lè ṣàlàyé ìdí tí ọjọ́ kan fi ga tí èkejì fi lọ sílẹ̀.

Ti amóníà rọrùn, kò nílò ẹ̀rọ ńlá. Ẹ gé ìdí ìgò ike mínírà 2 lítà, ẹ gbé e dúró sórí ilẹ̀, ẹ fi wáyà so fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ rọ̀ sínú ẹ̀, fóòmù tẹ́ ẹ ti rì sínú sulphuric acid tí wọ́n fi omi là, tí gílísérìn díẹ̀ wà nínú ẹ̀ kó má tètè gbẹ. Ásíìdì yẹn á mú amóníà, ẹ pààrọ̀ fóòmù lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, láàbù ilẹ̀ tó bá ń ka náítírójìn á bá yín kà á. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, ẹ bo ojú, ásíìdì lẹ máa rọra da sínú omi, ẹ ò gbọdọ̀ da omi sínú ásíìdì láé. Ìgò yẹn ń dí atẹ́gùn, torí náà kì í fún èèyàn ní iye gan-an tí oko ń pàdánù, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi yúríà orí ilẹ̀ wé èyí tẹ́ ẹ bò mọ́lẹ̀, ó dáa gan-an.

Ìṣirò N2O rèé. Ká ní inú rọ́bà kà 335, 375, 416, 455, ó fi 120 ppb gòkè ní wákàtí kan, ó sì gòkè ní tààrà, ẹ gbà á. Tó bá ń gòkè tó tún ń já wálẹ̀, rọ́bà ń jò, ẹ má lò ó. Ẹ pín àyè inú rọ́bà àti òrùka pẹ̀lú fífẹ̀ ilẹ̀ tó bò, ká ní ó jẹ́ mítà 0.25, ìyẹn lítà 250 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹ fi 120 nínú bílíọ̀nù sọ 250 di púpọ̀, ẹ fi 24.6 pín in, iye lítà tí móólù gáàsì kan ń gbà ní 27°C nìyẹn, kẹ́ ẹ wá fi 28 sọ ọ́ di púpọ̀, ìwọ̀n náítírójìn inú ẹ̀. Ẹ máa rí bíi 34 màíkírógíráàmù lórí mítà onígun mẹ́rin ní wákàtí kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8.2 gíráàmù lórí hẹ́kítà lọ́jọ́ kan.

Láàárín ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ wọ̀n, ẹ fi ìdajì àròpọ̀ wọn sọ iye ọjọ́ tó wà láàárín di púpọ̀, ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ títí dé ìkórè. Ká ní apá tó gba ajílẹ̀ jẹ́ 1.9 kg lórí hẹ́kítà, èyí tí ò gbà jẹ́ 0.7, tí ajílẹ̀ tẹ́ ẹ dà sì ní náítírójìn 90 kg, ẹ yọ 0.7 kúrò, ó ku 1.2, ẹ fi 90 pín in, ìdá 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti oko yín, ẹ lè wá gbé e síwájú 1.6 ti IPCC. Kí ẹ tún un ṣe ní àgbàdo ìgbà kejì, láti oṣù kẹsàn-án, torí òjò ìgbà yẹn ò rí bákan náà pẹ̀lú ti oṣù karùn-ún, kẹ́ ẹ sì fi apá kan tẹ́ ẹ bo yúríà ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó 5 cm kún un, torí ohun tí Bàbá máa kọ́kọ́ bi yín ni pé kí làwọn máa wá ṣe kó lè dín kù.